Ìlú Apá Kejì

Ọ̀pọ̀ ọmọ Festac ló mọ̀ pé ayẹyẹ ló bí àdúgbò wọn, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ pé apá kejì ni ayẹyẹ náà kò pọ̀. Dakar, olú-ìlú Sẹ̀nẹ̀gà, ni wọ́n ti ṣe apá kìíní lọ́dún 1966, nígbà tí Ààrẹ Léopold Sédar Senghor kó àwọn òṣèré, akéwì àti oníṣẹ́-ọnà aláwọ̀ dúdú jọ láti ìhà gbogbo. Nàìjíríà ní ilé òun ni ìkejì yóò ti wáyé. Ogun abẹ́lé dé, ológun kan gbàjọba lọ́wọ́ òmíràn, ọjọ́ ń yẹ̀, àfi ìgbà tó di ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, ọdún 1977, kí ìlù tó dún. Odindi ìlú ni wọ́n kọ́ sí Amúwo-Ọ̀dọ̀fin fún àwọn àlejò tó wá láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 50. Nígbà tí àlejò lọ tán, ìjọba fi ìbò pín àwọn ilé náà fún ará ìlú.

Àmì ayẹyẹ náà pàápàá ní ìtàn tirẹ̀. Ojú Ìyá Ọba Idia ti ìlú Bìní, tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́ ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ni wọ́n yàn. Inú ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ní London ni ojúlówó wà. Nàìjíríà bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yá òun, wọ́n kọ̀. Ọmọ Bìní kan ló wá gbẹ́ òmíràn. Ìlú tí apá kejì bí rèé, tí ẹ̀dà jẹ́ àmì rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ojú pópó rẹ̀ kò ní orúkọ ju nọ́ńbà lọ: First Avenue, 22 Road, 23 Road, bí ẹni pé ẹni tó ya àwòrán ìlú náà ti mọ̀ pé fíìmù apá kejì ń bọ̀.

Lónìí, bí èèyàn bá dúró síwájú sinimá tó wà ní Festival Mall lópin ọ̀sẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ ọ. Ọ̀dọ́ kan á gbójú sókè wo pósítà, á pòṣé: "Òmíràn tún ni 2 yìí? Ṣé kò sí ìtàn tuntun mọ́ ni?" Ìbéèrè rẹ̀ kò burú. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó ń bi í kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ lọ sí ọjà Alaba.

Láti Second Gate ní Festac, danfo tó dojú kọ ọ̀nà Badagry á kọjá Agboju, Abúlé-Àdó, Trade Fair àti Volkswagen kó tó já èèyàn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọjà náà. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ ni Alaba wà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣòwò níbẹ̀ ló ń sùn ní Festac àti Satellite Town. Tẹlifíṣọ̀n, jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ tó ń fọhùn ni aráyé mọ ọjà náà mọ́. Síbẹ̀, fún nǹkan bí ogún ọdún, níbẹ̀, ní Ìdúmọ̀tà àti ní Iweka Road ní Onitsha ni wọ́n ti ń pinnu irú ìtàn tí Nàìjíríà yóò wò. Àwọn máàkẹ́tà, ìyẹn àwọn oníṣòwò tó ń ta fíìmù, ló ń dá owó sílẹ̀. Báńkì kò sí níbẹ̀, ìjọba kò sí níbẹ̀.

Ẹni tó ń kọ èyí ti ń jókòó nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé fíìmù láti ayé káṣẹ́ẹ̀tì VHS, ó sì rántí ọjọ́ kan tí òun àti olùdarí eré kan gbé ìtàn lọ bá máàkẹ́tà. Ìtàn tuntun ni: tọkọtaya kan jẹ ilé ní Festac nínú ìbò, àmọ́ kí wọ́n tó dé, ẹlòmíràn ti kó ẹrù sínú rẹ̀. Máàkẹ́tà náà kò béèrè ẹni tó kọ ọ́, kò béèrè ibi tí ìtàn náà parí sí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi wọ́n: "Ta ló mọ̀ ọ́n?" Wọ́n ní kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, tuntun ni. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó ní bí wọ́n bá lè sọ ìyàwó inú ìtàn náà di àbúrò obìnrin kan tó wà nínú fíìmù tó tà wàràwàrà lọ́dún tó kọjá, òun yóò ka owó sórí tábìlì kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n padà sílé, wọ́n sọ ọ́ di àbúrò, wọ́n fi 2 sẹ́yìn orúkọ fíìmù àkọ́kọ́. Ó tà. Títí di òní, kò tíì sí òǹwòran kan tó béèrè ibi tí àbúrò náà wà nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń jìyà ní apá kìíní.

Ó rọrùn láti bú ọkùnrin náà. Àmọ́ ẹ wo ọjà tó yí i ká. Ní ASPAMDA, nínú Trade Fair níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, oníṣòwò tó fẹ́ kó ọjà wọlé kì í fi gbogbo owó rẹ̀ ra bíréèkì tí mẹkáníìkì kankan kò tíì fi sábẹ́ ọkọ̀ rí. Èyí tí mẹkáníìkì ń fẹnu ara rẹ̀ béèrè ló máa kó. Irú ọjà yẹn ni máàkẹ́tà fíìmù ti kọ́ṣẹ́ òwò, owó tó sì ń ná, owó àpò rẹ̀ ni tàbí èyí tó yá lọ́wọ́ ará ọjà. Bíréèkì tí kò tà lónìí lè tà lọ́dún tó ń bọ̀. Fíìmù tí kò tà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti di ti àwọn tó ń tẹ ayédèrú nìyẹn. Orúkọ tí aráyé ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni onígbọ̀wọ́ kan ṣoṣo tó ní.

Irú owó bẹ́ẹ̀ ló bí Living in Bondage lọ́dún 1992. Kenneth Nnebue, oníṣòwò ẹ̀rọ àti káṣẹ́ẹ̀tì, ló náwó sí i. Chris Obi Rapu ló darí rẹ̀. Èdè Ìgbò ni wọ́n fi ṣe é. Ṣáájú ìgbà yẹn, Nnebue ti bá àwọn òṣèré Yorùbá dòwò fídíò pọ̀, ó ti mọ ohun tí èèyàn ń rà. Ìtàn Andy Okeke, tó fi Merit ìyàwó rẹ̀ ṣe ètùtù owó, gbòde kan débi pé apá kejì tẹ̀lé e lọ́dún 1993. Fíìmù tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní ìbẹ̀rẹ̀ Nollywood, ọdún kan péré ló fi dá wà.

Láti ìgbà náà ni apá kejì ti di àṣà, ó sì kúrò ní ọ̀rọ̀ ìtàn, ó di ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ. Ẹni tó ń gé fíìmù ló mọ̀ ọ́n jù. Ìtàn kan ṣoṣo ni wọ́n yà, wákàtí méjì àbọ̀ tàbí mẹ́ta, síídì kan kò sì gbà ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó wá ibi tí ọ̀bẹ yóò bọ́ sí. Ìyàwó ṣílẹ̀kùn yàrá, ó lanu, igbe fẹ́ jáde, àwòrán dúró gbagidi. Fún Ọlọ́run ni ògo. Ẹ máa retí apá kejì. Ẹni tó ra ti àkọ́kọ́ kò ní sùn bí kò bá ra ìkejì. Nígbà tó yá, tí ayédèrú ń yá ju máàkẹ́tà lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé méjèèjì jáde lọ́jọ́ kan náà, wọ́n so wọ́n mọ́ra bí ìbejì. Àwọn ìyá Festac tó ń yá fíìmù ní fídíò klọ́ọ̀bù náà ní ọgbọ́n tiwọn: ilé kan á yá apá kìíní, aládùúgbò á yá ìkejì, wọ́n á ṣe pààrọ̀ lálẹ́.

Ẹni tó bá rò pé àìlówó ló fà á, kó wo Amẹ́ríkà. Nínú fíìmù 10 tó pawó jù lágbàáyé lọ́dún 2024, mẹ́sàn-án ló jẹ́ pé ẹ̀yìn fíìmù mìíràn ni wọ́n ti jáde. Inside Out 2 ló ṣíwájú pẹ̀lú owó tó lé ní bílíọ̀nù kan àbọ̀ dọ́là. Ọ̀kan tó kù, Wicked, náà kì í ṣe àjèjì: eré orí ìtàgé tó ti wà ní Broadway láti ọdún 2003 ni, ara ìwé kan ni eré náà ti jáde, inú ìtàn The Wizard of Oz tí gbogbo ọmọ Amẹ́ríkà mọ̀ sì ni ìwé ọ̀hún ti yọ. Níbi tí fíìmù kan ti lè jẹ igba mílíọ̀nù dọ́là kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í polówó rẹ̀, ọ̀gá tó fọwọ́ sí orúkọ ńlá tó wá ṣubú ṣì máa rí àwíjàre. Èyí tó fọwọ́ sí ìtàn tuntun tó ṣubú, òun fúnra rẹ̀ ló ṣubú. Ìbéèrè Alaba náà ni wọ́n ń bi, wọ́n kàn wọ kóòtù bi í ni.

Nígbà tí síídì ń kógbá sílé tí sinimá ńláńlá ń ṣílẹ̀kùn káàkiri Èkó, èèyàn lè rò pé apá kejì yóò bá síídì lọ. Rárá o. Gbogbo ilé sinimá tó wà ní Nàìjíríà kò tó 150, fún orílẹ̀-èdè tí èrò inú rẹ̀ lé ní igba mílíọ̀nù. Fíìmù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní láti ọjọ́ Jímọ́ọ̀ sí ọjọ́ Àìkú láti fi hàn pé òun wúlò. Bí àga kò bá kún, ẹlòmíràn á gba àkókò rẹ̀. Ẹ tún wo baba tó kó ọmọ mẹ́ta jáde lọ́jọ́ kejì ọdún Kérésì. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ń bẹ, gúgúrú ń bẹ, ohun mímu ń bẹ, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ń bẹ. Baba yìí kò wá ta tẹ́tẹ́. Ohun tó dá a lójú pé yóò pa ìdílé òun lẹ́rìn-ín ló máa sanwó fún.

Bí The Wedding Party ṣe rìn nìyẹn. Kemi Adetiba darí ti àkọ́kọ́ lọ́dún 2016, ó pa owó tó lé ní 400 mílíọ̀nù náírà. Nígbà tó máa fi di ìparí 2017, wọ́n ti kó àwọn ẹbí ìyàwó àti ti ọkọ náà lọ sí Dubai, Niyi Akinmolayan ló sì darí ìrìn-àjò ọ̀hún. Lójú agéfíìmù yìí, ìkejì kò dé ìdí ti àkọ́kọ́. Òun náà kọjá 400 mílíọ̀nù.

Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ọ̀nà yìí jù lọ ní Nàìjíríà ni Fúnkẹ́ Akíndélé. Jenifa jáde lọ́dún 2008, ìtàn Suliat, ọmọ oko tó dé yunifásítì tó sọ ara rẹ̀ di ohun tí kò jẹ́. Fíìmù náà gba àmì-ẹ̀yẹ fún un ní AMAA lọ́dún tó tẹ̀lé e. The Return of Jenifa dé lọ́dún 2011. Láti 2015, Jénífà ti wọ orí tẹlifíṣọ̀n, ó ń wọlé tọ àwọn èèyàn lọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ bí ìbátan. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Ọmọ Ghetto: ti àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 2010, ọdún mẹ́wàá kọjá kí ìkejì tó dé ní ọjọ́ Kérésì 2020. Ọdún kòrónà ni, ọdún tí Èkó gbóná nítorí EndSARS ni, síbẹ̀ fíìmù náà kọjá 600 mílíọ̀nù náírà. Ọmọ tó wo apá kìíní nínú síídì nígbà tó wà ní girama ti ń gba owó oṣù nígbà tí ìkejì dé. Òun ló fa àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ síbẹ̀.

Àmọ́ ohun kan wà tí kò bá ẹjọ́ náà mu. Fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa bílíọ̀nù kan náírà ní sinimá ilé kì í ṣe apá kejì ohunkóhun. A Tribe Called Judah ni, ti oṣù Kejìlá 2023: ìyá kan àti ọmọkùnrin márùn-ún tí bàbá wọn kò pa pọ̀, tí ẹ̀yà wọn náà kò pa pọ̀. Ìtàn tuntun pátápátá. Fíìmù tó wá gba ipò iwájú lọ́wọ́ rẹ̀ ni Everybody Loves Jenifa, tó jáde lọ́dún tó tẹ̀lé e, ọwọ́ ẹni kan náà ló sì ti wá. Nítorí náà, irọ́ ni pé òǹwòran wa kórìíra ìtàn tuntun. Ó kàn fẹ́ rí ojú kan tí òun mọ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí òun tó wọlé. Nínú A Tribe Called Judah, ojú ẹni tó ti ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló dúró síbẹ̀. Fúnkẹ́ Akíndélé fúnra rẹ̀ ni apá kejì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ti àwọn fíìmù àtijọ́ tí wọ́n tún ń ṣe. Ọdún 2015 ni Charles Okpaleke ra ẹ̀tọ́ Living in Bondage lọ́wọ́ Nnebue. Ní oṣù Kọkànlá 2019, Living in Bondage: Breaking Free jáde, fíìmù àkọ́kọ́ tí Ramsey Nouah darí. Àwọn yòókù tẹ̀lé e gìrìgìrì: Rattlesnake àti Nneka the Pretty Serpent lọ́dún 2020, Aki and Pawpaw lọ́dún 2021, Glamour Girls lọ́dún 2022. Ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí Nneka ń dẹ́rù bà á nínú pálọ̀ ní 1994 ti lé ní ogójì ọdún báyìí, ó ní ọkọ̀, ó ń san owó Netflix. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, orúkọ fíìmù náà nìkan ti tó ìpolówó.

Àmọ́ ọmọ ogún ọdún ńkọ́? Òun kò rí ti àkọ́kọ́ rí. Ó sì ṣeé ṣe kó má rí i láéláé, torí pé ọ̀pọ̀ káṣẹ́ẹ̀tì ayé ọjọ́un ti bu sínú páálí, àwọn tí wọ́n tún tẹ̀ sínú síídì sì ti yàtọ̀ síra wọn. Kò sí ilé ìpamọ́ kan tó kó wọn jọ bí ó ti yẹ. Bí ti ojú Idia ló rí: ojúlówó wà níbi tí ọwọ́ ò tó, ẹ̀dà ni aráyé ń wò. Ẹni tó bá ń ṣe ẹ̀dà nírú ipò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun ló kù.

Breaking Free mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè tí apá àtijọ́ fi sílẹ̀ ló mú: ẹ̀jẹ̀ tí Andy ta sílẹ̀, orí ta ni yóò bọ́ sí? Nnamdi, ọmọ Andy, dàgbà láìmọ ohun tí bàbá rẹ̀ ṣe, ebi owó kan náà sì ń pa á. Nígbà tí Kenneth Okonkwo, Andy ti 1992 gan-an, tún yọ lójú sikirínì pẹ̀lú ewú lórí, àwọn kan nínú sinimá pariwo bí ẹni tó rí ẹ̀gbọ́n tó ti sọnù. Glamour Girls ti 2022 kò rí bẹ́ẹ̀. Ti 1994 jẹ́ ìtàn àwọn obìnrin tí ọ̀wọ́n gógó ayé ìgbà náà lé sójú títì Èkó. Tuntun náà mú aṣọ wọn, mú mọ́tò wọn, ó gbàgbé ebi tó lé wọn jáde. Ti Chief Daddy 2, tó bọ́ sórí Netflix lọ́jọ́ kìíní ọdún 2022, a kò ní tú u palẹ̀ níbí. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ti nà án lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ ọdún yẹn tó.

Àwọn àgbà náà ṣe apá kejì. Hubert Ògúndé ṣe Aiyé lọ́dún 1979, láti inú eré tó ti ń ṣe kiri lórí ìtàgé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òǹwòran mọ̀ ọ́n kó tó di fíìmù. Kò pẹ́ tí Jáíyésinmi fi tẹ̀lé e, Ọ̀ṣẹ́tùúrá tó bá àwọn àjẹ́ jà ní ti àkọ́kọ́ náà ló tún ń bá wọn jà. Kò sẹ́ni tó pe Ògúndé ní ọ̀lẹ. Ọmọ Yorùbá ò tíì rí ohun tó burú nínú gbígbọ́ ìtàn kan lẹ́ẹ̀mejì. Bí aláwàdà bá tún àwàdà rẹ̀ ṣe, a tún máa ń rẹ́rìn-ín, bí ó bá ti fi iyọ̀ díẹ̀ kún un.

Túndé Kèlání ló fi èyí tó dára jù hàn wá. Ó gbé Ṣaworoidẹ jáde lọ́dún 1999, ọdún tí àwọn ológun padà sí bárékè. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́: ìlú Jogbo, ọba tó kọ̀ láti búra, àwọn ìjòyè tó ń ta igbó, ológun tó gbàjọba lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ó parí, ìlù dún, àwọn èèyàn jó. Àmọ́ nígbà tí ìjọba alágbádá bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́ tí ìlú ń rí i pé àwọn ìjòyè àtijọ́ ṣì wà láàfin, àwọn méjèèjì padà sí Jogbo. Agogo Èèwọ̀ ọdún 2002 kò dá ìtàn kan sí méjì. Orílẹ̀-èdè ló ti yí lẹ́yìn apá kìíní, ọ̀rọ̀ sì kù láti sọ. "Ta ló mọ̀ ọ́n?" ni ìbéèrè ọjà. "Kí ló kù?" ni ìbéèrè Jogbo. Ẹni tó bá lè dá méjèèjì lóhùn pọ̀ nínú fíìmù kan, kó fi 7 sí i bó bá wù ú.

Ìṣòro àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ ìtàn nísinsìnyí ni pé ibi tí wọ́n ti lè gbé ìtàn tí kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ lọ ń dínkù. Ní oṣù Kìíní 2024, Amazon kéde pé òun kò ní máa ṣe fíìmù tuntun ní Áfíríkà mọ́. Ọ̀pọ̀ ti kó lọ sí YouTube, níbi tí wọ́n ti lè ya fíìmù pẹ̀lú owó kékeré nínú ilé kan ṣoṣo, títí kan àwọn ilé tí ìbò pín ní Festac yìí. Ìtàn tuntun ń jáde níbẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ọ̀kan bá sì gbiná lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, ẹ wo ojú ìwé náà ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, 2 ti wà níbẹ̀.

Ní ìparí 2023, ẹni tó ń kọ èyí wo A Tribe Called Judah ní sinimá Festival Mall. Yàrá náà kún fọ́fọ́. Nígbà tí ìtàn parí tí iná tàn, tí orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ ń gòkè lójú sikirínì, àwọn ọ̀dọ́ ti ń wá bàtà wọn nísàlẹ̀ àga. Ìyá kan ní ìlà ẹ̀yìn kò dìde. Ọmọ rẹ̀ ní, "Mọ́mì, ó ti parí o." Ìyá náà di páálí gúgúrú rẹ̀ mú, kò gbójú kúrò níwájú. Ó ní, "Dúró ná. Wọn ò tíì ní ká máa retí apá kejì."